Ohùn Tó Jáde ní Páálọ̀ Bàbá Pyo

Nígbà tí Min-gi ṣílẹ̀kùn, obìnrin tó rí lẹ́nu ọ̀nà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ náà sì pupa dé ọrùn ọwọ́. Ata ni. Kimchi kùkúńbà, ewébẹ̀ tí wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ rẹ, ló ń pò lọ́wọ́ tó fi sáré gòkè wá, ata sì ti ta sí aṣọ rẹ̀, ó ta sí iwájú orí rẹ̀, ẹyọ kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí imú rẹ̀ gan-an. Irun rẹ̀ tú. Sálúbàtà tó wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Lẹ́yìn Min-gi, nínú yàrá, ìbọn ń dún, bàálù ń já, gbogbo ilẹ̀ ń mì tìtì.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè yìí," obìnrin náà pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ìbọn, "ṣé ogun ti bẹ́ ni wọn ò sọ fún wa? Ọmọrí ìkòkò mi ti já! Àwo kùkúńbà mi ti dojú dé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ tàn án ni?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó ti tàn!"

Obìnrin náà ò dúró gbọ́ àlàyé. Ó bọ́ sálúbàtà, ó fi ìgbúnwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá ìbọn lọ tààrà. Ó fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì há bọ́tìnì róbótó tó wà lójú ampilifáyà, ó yí i wálẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́.

Dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni Min-gi, ní ìlú Seoul, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ń dá gbé. Òkùnkùn ló ń wò lójoojúmọ́, igbe irin ló sì ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ra ẹ̀rọ sinimá ilé, sípíkà márùn-ún àti àpótí bẹ́ẹ̀sì kan, kí etí òun náà lè sinmi pẹ̀lú ohùn tó dára. Inú kọ̀ǹpútà ni àwọn fíìmù rẹ̀ wà. Ohun tó kù ò ju kí ohùn kúrò nínú kọ̀ǹpútà kó dé inú sípíkà, ó sì ti ra wáyà fún ìyẹn, oríṣi wáyà tó jẹ́ pé iná pupa ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ohùn gun ẹ̀yìn iná náà.

Odindi wákàtí méjì ló fi jà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, ẹ̀rọ ò fọhùn. Ó yí bọ́tìnì sókè, kò fọhùn. Ó yí i dé òpin pátápátá, kò fọhùn. Nígbà tó fa wáyà yọ láti wò ó, ó rí ọmọrí kékeré kan tó mọ́ gaara lórí ẹnu rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó yọ ọ́, ó ki wáyà padà. Kò rántí pé bọ́tìnì ṣì wà ní òpin.

"Ẹ fi ọmọrí dé e lẹ́nu," obìnrin náà sọ lẹ́yìn tó gbọ́ ìtàn yìí, "ẹ wá ń bínú pé kò sọ̀rọ̀." Ó ti ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já a lẹ́sẹ̀, ó rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ máa rín in. Ó tọ́ sí mi."

"Ó tọ́ sí yín dáadáa. Kò tíì tán o. Ẹ gbọ́ ọ, àwọn méjì iwájú nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń wòran."

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín? Ohùn mẹ́fà ni wọ́n dì sínú fíìmù yẹn. Kọ̀ǹpútà yín ló ń tú ẹrù lójú ọ̀nà, ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di méjì kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ sọ fún un kó gbé ẹrù bí wọ́n ṣe dì í, kó fà á lé ampilifáyà lọ́wọ́. Ampilifáyà ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u."

Ó fọ ọwọ́ nídìí ọpọ́n ìfọwọ́, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ibi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó da fíìmù náà padà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní kí Min-gi jókòó sáàrin. Hẹlikópítà kan gbéra láti ẹ̀yìn ilé, ó gba orí wọn kọjá, ó lọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Min-gi bojú wẹ̀yìn. Géńdé ọkùnrin bojú wẹ̀yìn láti wá hẹlikópítà nínú yàrá ara rẹ̀, ó tún gbójú sókè wo àjà, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ tí kò ronú àtibò mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí ti ń ta wáyà àti sípíkà ní ọjà ẹ̀rọ ní Yongsan, ó ti rí ojú oníbàárà tó pọ̀ bí iyanrìn. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò tíì rí ẹni tó jẹ́ kí ohùn ya òun lẹ́nu bí èyí, àyà rẹ̀ sì ṣe bákan.

"Kí ni mo máa pè yín?" Min-gi béèrè.

"Yeon-ju. Pyo Yeon-ju, láti ìsàlẹ̀ yín níbí."

Min-gi gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Pyo?"

"Pyo. Kí ló ṣe é?"

"Pyo ni èmi náà. Pyo Min-gi."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kim pọ̀ ní Kòríà ju ewé lọ, ṣùgbọ́n Pyo ò tó nǹkan, ìdí kan náà ni gbogbo wọn sì ti ṣẹ̀. Ìran kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé náà ló ní ẹyọ orúkọ tirẹ̀ tí gbogbo ọmọ ìran náà ń jẹ́, tó fi jẹ́ pé bí àgbà bá ti gbọ́ orúkọ rẹ, ó ti mọ ibi tó yẹ kí o jókòó sí nídìí oúnjẹ. Yeon-ju bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka.

"Yeon. Lẹ́yìn Yeon, Jae. Lẹ́yìn Jae, Gi." Ó gbójú sókè. "Ìran méjì lẹ́yìn mi ni yín. Ìyá àgbà yín ni mo jẹ́."

"Ẹni ọdún mélòó ni Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ mà tètè dàgbà o."

"Ẹnu yín mú. Ẹ foríbalẹ̀ kí n máa lọ."

Min-gi sì foríbalẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, iwájú orí lórí ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́jọ́ ọdún tuntun. Yeon-ju rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tó dé iwájú kùkúńbà rẹ̀ tó dànù ni ẹ̀rín náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó rántí ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa. Ní ilẹ̀ Kòríà, àwọn tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, tí orírun wọn sì jẹ́ ọ̀kan, wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Òfin ni tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ti ń tìtorí rẹ̀ gbé pọ̀ láìníwèé ìgbéyàwó, wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ bẹ́ sódò. Ní ọdún méje ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí, ilé ẹjọ́ tó ga jù pa òfin náà. Wọ́n pa á, ṣùgbọ́n àwọn bàbá kọ̀, wọn ò sin ín. Baba ńlá tó bí Yeon-ju àti Min-gi pọ̀ ti kú láti bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Bí ẹ bá bi mí, èmi á ní ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn tó bẹ́ẹ̀ ti dòmi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Bàbá Yeon-ju, Pyo Sang-ik, ló sì tún wá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdílé Pyo. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Yeon-ju nìkan ló kù fún un. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni bàbá yìí máa ń jí, á wọ aṣọ tó dára, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú maikirofóònù, á máa ka ìwé ìran ìdílé sínú rẹ̀: ta ló bí ta, ta ló jẹ oyè wo, òkè wo ni wọ́n sin ín sí. Ó fẹ́ kó wà níbẹ̀ fún àwọn tí wọn ò tíì bí.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, bàbá yìí ti kọ ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta sí alámòójútó ilé nítorí ariwo ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ lókè. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ẹni tó ń pa ariwo, ó fa ìwé kẹrin ya.

"Pyo ni? Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Pe ọmọ náà wá jẹun!"

Báyìí ni bàbá fúnra rẹ̀ ṣe fa Min-gi wọlé. Ó bu ìrẹsì fún un, ó fi ẹran sórí ìrẹsì, ó ní kó máa pe òun ní Bàbá Ńlá. Nígbà tó gbọ́ pé ohùn kọ̀ǹpútà lè jáde nínú sípíkà mẹ́fà, ojú rẹ̀ tàn. Yeon-ju ti ra ẹ̀rọ sinimá ilé fún un tipẹ́, inú páálọ̀ ló wà, tó ń fi wo ìròyìn. Inú yàrá ni kọ̀ǹpútà wà, ìlẹ̀kùn méjì sì wà láàrin wọn.

"Ẹ bá mi ta wáyà síbẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ kí àwọn baba ńlá wa kún páálọ̀ yìí."

Sunday mẹ́ta ni wọ́n fi ta wáyà kan ṣoṣo. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fi ìṣẹ́jú ogójì ṣe é tán, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí. Wọ́n ká etí rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ sókè, wọ́n ń tẹ́ wáyà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, orúnkún sí orúnkún, orí sí orí.

"Má ṣẹ́ ẹ níbẹ̀ yẹn," Yeon-ju ní. "Yí i díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, iná á kú síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Àgbà."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀, màá gbá ọ."

"Bàbá yín ló ní kí n bọ̀wọ̀ fún yín."

"Bọ̀wọ̀ fún mi kí o di òpin wáyà yẹn mú dáadáa. Ọwọ́ mi kọ́, wáyà ni mo ní."

Min-gi ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, Yeon-ju náà ò sì fà á kúrò.

Oṣù Kẹfà ni, ooru mú, àwọn méjèèjì ń làágùn. Ta ló rántí, nínú ooru bẹ́ẹ̀, pé abẹ́ ilẹ̀ ilé Kòríà ni omi gbígbóná máa ń gbà nígbà òtútù, pé ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ń tẹ́ wáyà sí ló máa gbóná débi pé àwọn èèyàn ń sùn lé e bí oṣù Kẹwàá bá dé? Olùtajà wáyà tó mọ iṣẹ́ jù ní Yongsan gbàgbé pátápátá. Kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò rí nǹkan mìíràn tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù ju ìfẹ́ lọ.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, bí Min-gi bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ odò Jungnang ni wọ́n ń lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ka orúkọ wọn. Wọ́n á jẹ núdù tútù oníyìnyín nínú abọ́ irin, Min-gi á sì fi ẹyin tirẹ̀ sínú abọ́ Yeon-ju. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, láìyí i po.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì mọ orúkọ wa."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ hẹlikópítà," Yeon-ju dáhùn. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ ọ, wọ́n á ní mo ti ba ìdílé jẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n ní, Min-gi. Ta ló máa se ọbẹ̀ fún wọn?"

"Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Bí o bá lọ, màá fi wáyà lù ọ́. Mo ní kí o fún mi láyè kí n ronú."

Oṣù mẹ́rin ló fi ronú. Nílé, "Màmá Àgbà" ni; lẹ́sẹ̀ odò, "ìfẹ́ mi". Ọ̀rọ̀ náà ń dun Yeon-ju, torí obìnrin tí kì í fi nǹkan pamọ́ ni.

Oṣù Kẹwàá dé. Wọ́n tan ilẹ̀ gbígbóná ní gbogbo ilé náà. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í já nínú sípíkà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò dún mọ́. Bàbá fárígá. Ó ti pe àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ ìdílé wá jókòó lọ́jọ́ Sunday kí wọ́n lè wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Yeon-ju ká rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan wáyà náà, ó ti rọ̀, ó ti wọ́. "Ah," ó ní. "A ti sè é." Ojú tì í débi pé ó bo ojú. Min-gi ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ní Sunday náà wọ́n ta wáyà tuntun, wọ́n gbé e gba òkè ìlẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbà méjèèjì ti dé ṣáájú àkókò, wọ́n wà ní páálọ̀ pẹ̀lú bàbá, wọ́n ń mu tíì ọkà báálì, wọ́n ń jẹ àkàrà ìrẹsì. Bàbá ti ṣètò gbogbo nǹkan sílẹ̀: ó ti tan maikirofóònù, ó ti tẹ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì ti tan ampilifáyà, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Yeon-ju àti Min-gi wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n gun àga, wọ́n ki ẹnu wáyà wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ó wọlé?" Ohùn Min-gi ló jáde ní páálọ̀, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àgbà. Ó ti ń ṣiṣẹ́.

"Ó wọlé," Yeon-ju dáhùn. "Dúró, òógùn ń ṣàn sí ọ lójú. Jẹ́ kí n nù ún. Ìfẹ́ mi, wo bó o ṣe rí."

Àgbà kan gbé àkàrà dé ẹnu, kò fi sẹ́nu mọ́.

"Ó ti sú mi, Yeon-ju. Kí n máa foríbalẹ̀ fún ọ níwájú bàbá rẹ bí òmùgọ̀, kí n wá máa dì ọ́ mú lẹ́sẹ̀ odò bí olè. Mi ò jí ọ."

"Mo mọ̀. Gbọ́ mi. Mo ti ronú tán. Mo máa fẹ́ ọ. Bí bàbá mi gbà, mo máa fẹ́ ọ. Bí wọn ò gbà, mo máa fẹ́ ọ, màá sì sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo máa fẹ́ ọ. Ẹ̀rù wọn kọ́ ló jẹ́ kí n dákẹ́. Ìfẹ́ wọn ni. Mi ò lè ronú ilé tí mi ò ti ní gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀. Mi ò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, mi ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀."

Ìró tó tẹ̀ lé e, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Sípíkà mẹ́fà ló gbé e jáde. Nínú yàrá, Yeon-ju ń gbọ́ ohùn kan lókèèrè, ó rò pé àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun.

"Wáyà yín ti ń ṣiṣẹ́," ó ní.

Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó yé wọn. Yeon-ju wo maikirofóònù. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jáde lọ sí páálọ̀, ó dúró níwájú àwọn àgbà láìtẹrí ba.

"Ẹ ti gbọ́," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Sang-ik!" àgbà tó dàgbà jù ké. "Yọ orúkọ ọmọ yìí kúrò nínú ìwé!"

"Yeon-ju," bàbá ní, "fi ẹnu ara rẹ sọ pé eré lẹ ń ṣe."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Eré kọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín!"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kú láti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún! Ilé ẹjọ́ gan-an gbà pé kò dí wa lọ́wọ́."

"Ilé ẹjọ́ kì í ṣe Pyo," àgbà náà ní.

"Ẹ ṣeun. Màmá mi náà kì í ṣe Pyo. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi se oúnjẹ ìrántí fún àwọn òkú yín. Bàbá, kí lẹ kọ sínú ìwé yẹn nípa wọn? 'Obìnrin kan, ará Kim.' Orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Bí ìwé náà ò bá ráyè fún orúkọ màmá mi, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ tèmi ṣe nínú rẹ̀? Ẹ yọ ọ́! Àwọn òkú lẹ ń tọ́jú, èmi tí mo wà láàyè rèé níwájú yín."

Min-gi kúnlẹ̀ níwájú bàbá. "Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, Bàbá. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, torí mi ò ṣẹ̀. Mo kàn ń sọ fún yín bó ṣe yẹ kí n ti sọ látọjọ́ yìí."

"Jáde," bàbá ní. Ó yíjú sí Yeon-ju. "Bí ìwọ náà bá tẹ̀ lé e jáde, má padà wá."

Yeon-ju wọ bàtà rẹ̀. Ó jáde.

Kò kó lọ sí òkè lọ́dọ̀ Min-gi. "Mi ò ní máa rìn lórí bàbá mi," ó ní. Yàrá kékeré kan ló gbà nítòsí Yongsan, ó ń lọ sí ọjà, ó ń ta wáyà rẹ̀. Min-gi ni kò kó kúrò níbi tó wà. Bó bá pàdé bàbá nínú ẹ̀rọ agbénisókè, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá á máa wo nọ́ńbà tó ń tàn lókè ìlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Bàbá ò ka ìwé sínú kọ̀ǹpútà mọ́. Ó di àárọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá kó tó padà sídìí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé ẹ̀rọ náà ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ó fẹ́ pa á rẹ́. Ó tẹ ibi tó máa mú un sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, ó lọ jókòó ní páálọ̀, láàrin sípíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, ìtìjú ni kò jẹ́ kó gbọ́ ju ìdajì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí àgbà kankan níbẹ̀. Ó gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń sọ pé òun ò lè ronú ilé tí òun ò ti ní gbọ́ ohùn bàbá òun láàárọ̀. Ó tún un gbọ́. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó sunkún, ìbínú sì ṣì wà nínú ẹkún náà. Ọjọ́ kẹta, ó gbé ìwé ìran sórí tábìlì, ó wọ awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí ọmọ rẹ̀ lọ sókè. Oríkèé ni wọ́n fi ń ka ìbátan níbẹ̀: láti ọmọ sí bàbá, oríkèé kan, láti bàbá sí bàbá tó bí i, òmíràn. Ó kà á dé orí baba ńlá, ó tún kà á wálẹ̀ dé orí Min-gi. Ó tún un kà.

Nígbà tó kù ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣègbéyàwó, Min-gi pàdé rẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbénisókè.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, aago mẹ́wàá. A ò ní fi nǹkan pamọ́ fún yín mọ́."

Bàbá wo nọ́ńbà títí ìlẹ̀kùn fi ṣí, ó bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, òtútù mú bí ọ̀bẹ. Yeon-ju wọ kóòtù pupa. Ìyá Min-gi ti wọ bọ́ọ̀sì láti Gunsan wá, obìnrin tí kò ní wàhálà, tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ni, "Ṣé ó máa ń jẹun dáadáa?" Ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé náà ń béèrè. Ìyá Min-gi buwọ́ lu ti àkọ́kọ́. Cho, tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Yeon-ju, ti di bírò mú fún èkejì nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba fa ìwé náà wò, tó dúró lórí orúkọ wọn.

"Pyo àti Pyo," ó ní. "Orírun kan náà." Ó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì le sí i kí gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà lè gbọ́. "Òfin ò gba ìbátan tó wà láàrin oríkèé mẹ́jọ. Ta ló lè jẹ́rìí pé ẹ kì í ṣe ẹbí tó súnmọ́ra? Ta ló mọ ìran yín?"

Àwọn èèyàn ti ń bojú wò wọ́n. Yeon-ju ò bojú wolẹ̀. "Èmi mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Tìrẹ nìkan ò tó, aǹtí."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ẹlòmíràn sọ lẹ́yìn wọn.

Bàbá Pyo ni. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sípàdé ìdílé, etí rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ó bá òṣìṣẹ́ náà lọ tààrà.

"Oríkèé mẹ́rìnlélógójì ló wà láàrin wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lè dárúkọ wọn fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí o bá ráyè."

"Kò pọn dandan, Bàbá. Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

"Bàbá ọmọ náà ni mí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdílé Pyo ni mí pẹ̀lú, títí di àná."

"Títí di àná kẹ̀?" Yeon-ju ní.

Ìgbà yẹn ni bàbá tó yíjú sí i. "Wọ́n ní kí n yọ orúkọ rẹ. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ tèmi."

Yeon-ju bú sẹ́kún lójú gbogbo ọ́fíìsì, ó gbá kóòtù bàbá rẹ̀ mú. Bàbá jẹ́ kó dì í mú, ó nawọ́ sí Cho kó kúrò nídìí tábìlì. Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde nínú àpò, ó fi èémí gbóná sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé níbi ẹlẹ́rìí kejì. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ó yá," ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà. "Pyo àti Pyo. Kọ ọ́ kó hàn."